Ológbò Ẹ̀yìnkùlé Aránṣọ

Ilé tí bàbá wọn kọ́ ló kẹ́yìn ní abúlé náà. Béèyàn bá ti kọjá ibẹ̀, oko ló kàn, lẹ́yìn oko, igbó. Obìnrin méjì ló ń gbé inú ilé ọ̀hún, ọmọ ìyá kan náà sì ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń ránṣọ, Aránṣọ ni tajá-tẹran ń pè é. Àbúrò ń sin adìyẹ nítorí ẹyin, wọ́n ń pe òun náà ní Aládìyẹ. Orúkọ tí òbí sọ wọ́n ò sọnù, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é kẹ́yìn.

Aránṣọ ti rílé ọkọ rí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà ní ìlú ńlá, ó ń bá wọn ta awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan. Aládìyẹ ní tiẹ̀ kò lọ́kọ rí. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí rẹ̀, á ní, "Àkùkọ ló ń jí mi láàárọ̀. Ẹ wá fẹ́ kí n lọ wá ọkùnrin tó ń hanrun kún un?" Ẹni tó bi í á rẹ́rìn-ín, á bá tirẹ̀ lọ.

Ìwà àwọn méjèèjì ò jọra rárá. Bí nǹkan bá ń dun Aránṣọ, ẹnu ló máa ń pa mọ́. Aládìyẹ ní tiẹ̀, ohun tó bá wà níkùn rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó dé ètè. Síbẹ̀ wọ́n fẹ́ràn ara wọn ju bí wọ́n ṣe ń fi hàn lọ. Aládìyẹ kì í fọwọ́ kan oúnjẹ alẹ́ títí ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á fi dákẹ́. Aránṣọ náà kì í da àjákù aṣọ tó bá nípọn nù, torí ó mọ̀ pé àbúrò òun á fẹ́ fi tẹ́ ìtẹ́ adìyẹ.

Yàrá ìránṣọ wà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ onífẹsẹ̀tẹ̀ náà wà lábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni Aránṣọ jókòó sí lọ́jọ́ tí ológbò àkọ́kọ́ yọ látinú oko.

Kì í ṣe ológbò ilé. Àwọn àgbẹ̀ tó kó lọ sígboro ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló fi ológbò wọn sílẹ̀ nínú ahéré. Àwọn yẹn lọ bímọ sígbó, àwọn ọmọ tún bímọ, gbogbo wọn di ẹhànnà tí kì í jẹ́ kéèyàn sún mọ́ wọn. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ wá mú, tí eku oko ò sí mọ́, ebi lé wọn wá sẹ́bàá ilé. Abo ni èyí tó kọ́kọ́ wá. Àwọ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ sì ṣeé kà lókèèrè. Aránṣọ kó orí ẹja sínú abọ́ tánganran kan, ó gbé e sábẹ́ igi, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ológbò náà kò yọjú títí ẹ̀rọ fi dákẹ́. Ó sì di ìṣe wọn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́ nírọ̀lẹ́, tí Aránṣọ sì gbé abọ́ síta, wọ́n á jáde látinú àgbàdo.

Ọ̀kan di mẹ́ta, mẹ́ta di márùn-ún. Aránṣọ fi nǹkan iṣẹ́ rẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ. Aláwọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni Àkísà. Akọ dúdú kan tí ara rẹ̀ ń dán, tí etí rẹ̀ kan ya, ni Àrán. Kékeré kan tí ojú rẹ̀ rí roboto ni Bọ́tìnnì. Àwọn méjì tó kù jọra bí apá ẹ̀wù, ló bá pe ọ̀kan ní Ọ̀tún, ó pe èkejì ní Òsì.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Aládìyẹ sọ fún un, "aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀, ẹ wá ń sọ olè lórúkọ."

"Kí ni wọ́n jí?"

"Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Kò gba sùúrù púpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Aládìyẹ bá wáyà ilé adìyẹ ní yíya nísàlẹ̀, ìyẹ́ fọ́n ká, adìyẹ méjì ò sí mọ́, ọ̀kan wà nílẹ̀ láìlórí. Ó gbé òkú adìyẹ náà wọ yàrá ìránṣọ, ó fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ wò ó. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ yín."

Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ó dùn mí, àbúrò mi."

"Ó dùn yín! Bíríkìlà ní májèlé kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ẹja. Ìrọ̀lẹ́ kan péré, ọ̀rọ̀ á tán." Bíríkìlà ni aládùúgbò wọn, ọkùnrin tó mọ ìdajì ilé tó wà lábúlé, tí ìmọ̀ràn kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ebi ló ń pa wọ́n. Ilé adìyẹ rẹ ló ti jẹrà nísàlẹ̀. Bí ológbò ò bá yọ, ẹ̀tà á yọ, bí ẹ̀tà ò bá sì yọ, ejò á yọ. Jẹ́ ká tún un ṣe."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, Aládìyẹ sì mọ̀ pé òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló bí i nínú. Wọ́n pe Bíríkìlà. Ó gbẹ́lẹ̀ yí ilé adìyẹ ká, ó to bíríkì sí i, ó ri ẹsẹ̀ wáyà mọ́ inú sìmẹ́ńtì, ó fi ìkọ́ irin sẹ́nu ilẹ̀kùn. Aránṣọ rán ṣòkòtò iṣẹ́ méjì fún un dípò owó. Àmọ́ kí wọ́n tó parí iṣẹ́ yẹn, Aládìyẹ ti ra májèlé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí sìmẹ́ńtì gbẹ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí tiyín ni mo ṣe dá wọn sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú yín kó má baà di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá fi eyín tàbí èékánná kan èèyàn nínú ilé yìí, mi ò ní bi ẹnì kankan léèrè. Mo fi bàbá wa búra, gbogbo wọn ni màá fún ní májèlé jẹ, àtàgbà àtọmọdé. Ó wà nínú agolo lókè àjà."

Aránṣọ fi eyín já òwú. "Mo gbọ́," ló sọ.

Ojoojúmọ́ ni Aládìyẹ ń kó ẹyin láìjẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn, kò mọ̀ pé kò ní ṣeé kó mọ́.

Àlàáfíà jọba fúngbà díẹ̀. Adìyẹ kankan ò kú mọ́. Eku tó ń ya àpò oúnjẹ adìyẹ tẹ́lẹ̀ ò sí mọ́, Aládìyẹ sì rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ. Nígbà tó yá, bí ẹyin bá sán, dípò kó fi sílẹ̀ fún jíjẹ, á gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, á dà á sínú abọ́ tánganran.

"Ta lo gbé ìyẹn fún?" Aránṣọ á bi í látojú fèrèsé.

"Mo dà á nù ni o. Bí nǹkan bá wá lá a, ìyẹn ò kàn mí."

Aránṣọ á máa rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbà yẹn ni inú rẹ̀ dùn jù látìgbà tó ti padà sílé. Bó bá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí ìyẹn ń bi í bóyá ó ti jẹun, ó máa ń sọ pé, "Gbogbo wa la ti jẹun," á sì jẹ́ kí ọmọ náà máa ka iye "gbogbo wa."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Aládìyẹ gbé ẹyin lọ sọ́jà, Àrán nìkan dá jáde látinú oko, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ò tíì dákẹ́. Bó ṣe ń rìn ò dáa. Ó ń ta gẹ́ẹ́gẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ń dà níbẹ̀. Aránṣọ rò pé egungun ẹja ló há a lọ́fun. Ó jáde, ó rọra lóṣòó tì í, ó ń pe orúkọ rẹ̀. Ológbò tí kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan òun tẹ́lẹ̀ kò sá. Ìyẹn gan-an ì bá ti kọ ọ́ lóminú, àmọ́ inú rẹ̀ dùn sí i. Ó na ọwọ́. Àrán yíjú, ó sì gé e jẹ nídìí àtàǹpàkò, eyín rẹ̀ wọlé débi pé Aránṣọ ní láti fi ọwọ́ kejì já ẹnu rẹ̀ kúrò.

Ó bu omi díẹ̀ sí ojú egbò náà, ó fi àjákù aṣọ wé e. Ó fọ ẹ̀jẹ̀ tó kán sílẹ̀. Nígbà tí Aládìyẹ ti ọjà dé, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbi ọwọ́ yẹn.

"Kí ló ṣe yín?"

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ló gún mi."

"Ní gbogbo ọjọ́ ayé yín! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè dijú ránṣọ?"

"Àgbà ń dé, àbúrò mi."

Ó tẹjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, agolo tó wà lókè àjà ló ń rò. Ṣé kí ó jẹ́ kí ẹ̀mí márùn-ún lọ nítorí egungun tó há ọ̀kan lọ́fun?

Kò pẹ́ tí Aládìyẹ fi bá òkú Àrán lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Ó fi ṣọ́bìrì gbé e, ó sin ín sẹ́bàá oko, ó wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ wò ó tìtì.

"Ṣé ìwọ lo fún un ní nǹkan jẹ?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gun àjà lọ wò ó. Mi ò tíì ṣí agolo yẹn rí."

"Mo kàn bi ọ́ ni."

"Ẹ ò kàn bi mí. Ẹ fura sí mi."

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ gidi fún bí ọ̀sẹ̀ kan. "Oúnjẹ ti jinná," "oníbàárà wà níta," kò kọjá bẹ́ẹ̀. Bí Aránṣọ bá tiẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ egbò náà tẹ́lẹ̀, ìbínú yẹn bo ọ̀nà mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n fi parí ìjà, egbò ti jinná, ojú rẹ̀ ti di àpá kékeré. Ẹni tí egbò rẹ̀ jinná, kí ló tún kù tó fẹ́ sọ?

Ó lé ní oṣù kan lẹ́yìn náà kí àpá yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó ń họ ọ́ lórí iṣẹ́, ó ń họ ọ́ lójú oorun. Ìka rẹ̀ kú tipiri, òwú ò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Ibà gbé e. Aládìyẹ ra oògùn ibà, ó fún un, kò lọ. Oorun kúrò lójú rẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n ń lé. Aládìyẹ tan fáànù kí ooru má baà mú un, Aránṣọ pariwo, ó fi ìbòrí bojú, ó ní atẹ́gùn náà ń gbé òun lọ́fun. Àbúrò rẹ̀ gbé omi fún un nínú kọ́ọ̀bù. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì fẹ́ mu ún, àmọ́ bí kọ́ọ̀bù ṣe súnmọ́ ẹnu rẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dì, kọ́ọ̀bù fò lọ́wọ́ rẹ̀, omi dà sórí ẹní. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rù bà wọ́n.

Bíríkìlà ló fi ọkọ̀ akẹ́rù tó fi ń kó yanrìn gbé wọn dé ilé ìwòsàn ìlú tó súnmọ́ wọn. Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ó yẹ Aránṣọ wò, ó ní kí nọ́ọ̀sì gbé omi wá. Bí Aránṣọ ṣe rí omi náà, ọrùn rẹ̀ fà le. Dókítà ní kí wọ́n gbé omi náà kúrò kíákíá.

"Ṣé ajá gé wọn jẹ láìpẹ́ yìí?"

"Rárá o," Aládìyẹ yára dáhùn. "A ò tiẹ̀ ní ajá."

"Ẹranko mìíràn ńkọ́?"

"Kò sí, dókítà."

"Ológbò ni," Aránṣọ sọ látorí ibùsùn. Ohùn rẹ̀ ti há. "Ológbò dúdú."

Aládìyẹ yíjú sí i. "Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí mo ní abẹ́rẹ́ gún mi."

Dókítà mú Aládìyẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi táwọn èèyàn jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní dìgbòlugi ni. Aládìyẹ ní ajá ló ń ní dìgbòlugi. Dókítà ní ajá ló wọ́pọ̀ lára rẹ̀, àmọ́ ológbò náà ń ní in. Ó ní ká ní wọ́n fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò náà lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sì sáré gbé e wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kì bá tí di báyìí.

"Ó dáa, ẹ gún un báyìí."

"Ó ti pẹ́ jù, mà. Bó bá ti dé ibi tó dé yìí, kò sí oògùn tí mo mọ̀ tó ń dá a padà. Ohun tá a lè ṣe ni ká jẹ́ kí ara tù wọ́n."

"Ṣé ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé ẹ̀gbọ́n mi máa kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú."

Obìnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì dìde, ó fún Aládìyẹ láyè kó jókòó. Kò jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri bí ẹni tí ògiri fẹ́ wó lù. Wọ́n gún òun alára ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́sàn-án ọjọ́ náà, torí òun ló ń nu itọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ̀gbà tí abẹ́rẹ́ wọ ara rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ojú Aránṣọ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Gbígbọ̀n dáwọ́ dúró, ó mọ ẹni tó jókòó tì í.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Aládìyẹ bi í.

"O ti búra."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu lásán ni! Àbí ẹ ò mọ ẹnu mi ni?"

"Mo mọ ẹnu rẹ. Mo mọ ọwọ́ rẹ náà. Ohun tó o bá ti sọ, o máa ń ṣe é. Nígbà tá a wà ní kékeré, o ní tí mi ò bá mú ọ lọ sódò, wàá sun bàtà mi."

"Mo sun ún," Aládìyẹ sọ.

"O sun ún. Bàtà ọdún ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Aládìyẹ kó tó mọ̀, ẹ̀rín náà ò sì tíì tán tó fi di ẹkún. Ó gbé orí lé etí ibùsùn. Aránṣọ fi ọwọ́ tó ń dùn ún yẹn kan irun rẹ̀.

"Mo rò pé egbò lásán ni. Ó sì jinná. Má fi í ṣe tìẹ, èmi ni mo ní ẹnu tí mi ò fi sọ̀rọ̀." Ó sinmi díẹ̀. "Àwọn tó kù, má fi májèlé pa wọ́n. Ó máa ń fa ìfun ẹranko ya. Mo ti rí i rí."

"Mi ò ní fi pa wọ́n."

"O ti sọ ọ́ nìyẹn."

"Mo ti sọ ọ́."

Kí ọjọ́ tó kanrí, gbígbọ̀n tún dé, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tó mú un sùn. Ojú oorun yẹn ni ọmọ rẹ̀ bá a nígbà tó ti ìlú ńlá dé, ó sì fi etí sí èémí ìyá rẹ̀ títí èémí náà fi tán.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń túká, ọmọ náà bá Aládìyẹ ní ilé ìdáná níbi tó ti ń fọ abọ́.

"Àǹtí, kí ló dé tí màmá mi ò sọ pé nǹkan gé àwọn jẹ?"

Aládìyẹ lè ní òun ò mọ̀. Kò sí ẹni tó máa já a nírọ́. Àmọ́ ó pa ọwọ́ tì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: adìyẹ tó kú, agolo tó wà lókè àjà, ìbúra. Ọmọ náà gbọ́ ọ dópin. Kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, Àǹtí," ó gbé báàgì rẹ̀, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Aládìyẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ títí kò fi rí i mọ́.

Ọ̀rọ̀ ti tàn kárí abúlé. Bíríkìlà àtàwọn ọkùnrin bíi mélòó kan dé pẹ̀lú kùmọ̀ àti àdá.

"Aládìyẹ, ẹ wọlé ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ ká bá yín parí iṣẹ́ yìí."

"Ẹ má wọ ẹ̀yìnkùlé mi."

"Àwọn nǹkan tó pa ẹ̀gbọ́n yín lẹ̀ ń dáàbò bò?"

"Bíríkìlà, ẹ ṣeun, ẹ bá mi gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ bá mi gbẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ má wọ ẹ̀yìnkùlé mi."

Wọ́n bojú wo ara wọn, wọ́n padà. Aládìyẹ gun àjà, ó gbé agolo náà sọ̀ kalẹ̀, ó rì í mọ́ ìsàlẹ̀ ihò jíjìn tí nǹkan kan ò ti lè hú u jáde.

Dókítà ẹranko tí ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí wá lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ó gbé àwọn àkámọ́ onírin sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó jókòó ti Aládìyẹ, ó ṣàlàyé. Ó ní àwọn mẹ́rin tó kù bá Àrán jẹ nínú abọ́ kan, wọ́n bá a jà, wọ́n bá a ṣeré. Kò sí bí òun ṣe lè wo ojú wọn kí òun mọ èyí tó ti kó àrùn náà. Ó lè pamọ́ sára fún ọ̀pọ̀ oṣù.

"Mo ní ilé adìyẹ kan tó ṣófo," Aládìyẹ sọ. "Ẹ jẹ́ ká sé wọn mọ́bẹ̀. Màá máa fún wọn lóúnjẹ látojú wáyà. Bí oṣù mélòó bá pé tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n…"

"Mà, ẹhànnà ni wọ́n. Bẹ́ ẹ bá sé wọn mọ́, wọ́n á ya ara wọn jẹ, wọ́n á sì ya ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹnì kan ti kú. Mi ò lè fi ẹlòmíì dán an wò."

"Mo ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lẹ ṣèlérí?"

"Pé mi ò ní fi májèlé pa wọ́n."

"Abẹ́rẹ́ oorun ni tiwa. Wọ́n á kú sójú oorun, wọn ò ní mọ nǹkan kan lára."

Ìlérí ò yẹ̀ nìyẹn. Aládìyẹ mọ̀ pé kò yẹ̀. Àmọ́ nígbà tó gbórí sókè wo abọ́ tánganran tó wà lábẹ́ igi, kò lè sọ pé òun mú un ṣẹ.

Ó fẹ́ kí wọ́n tètè parí ẹ̀, àmọ́ àwọn ológbò ò yọ. Dókítà ẹranko fi ẹja sínú àkámọ́, ó dúró sẹ́yìn ilé títí, kò rí nǹkan kan. Aládìyẹ pe orúkọ wọn, wọn ò mọ ohùn rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà ti fẹ́ máa lọ, Aládìyẹ wọ yàrá ìránṣọ. Kò tíì wọ̀ ọ́ látọjọ́ tí wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Aṣọ ọmọléèwé kan ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, wọ́n ti rán apá kan mọ́ ọn, ìkejì wà lórí àga. Ó yọ ọ́, ó ká a. Ó jókòó, ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà lófìfo, láìsí òwú nínú rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, ó ń fà, ó ń já, àmọ́ ìró rẹ̀ jáde lójú fèrèsé lọ sínú oko. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ojúgun fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ọ̀tún àti Òsì ló kọ́kọ́ yọ. Bọ́tìnnì tẹ̀lé wọn, ìrù rẹ̀ nà sókè. Wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wọ inú àkámọ́ níbi tí ẹja wà, ilẹ̀kùn irin jábọ́ gbàgà, gbàgà. Igbe tí Bọ́tìnnì ké dà bíi ti ìkókó. Aládìyẹ ò kúrò lórí àga. Ó ní kí dókítà ẹranko gbé wọn lọ ṣe é ní ibòmíràn, òun ò fẹ́ mọ ibi tó máa sin wọ́n sí. Nígbà tí ọkọ̀ lọ, ó fi aṣọ ọmọléèwé yẹn bojú, ó sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ẹ̀rọ yín pè wọ́n."

Àkísà nìkan ni kò wá. Wọ́n dẹ ẹ́ títí, wọn ò rí i.

Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, àwọn oníbàárà ń wá gba aṣọ wọn. Aládìyẹ ń kó àwọn tí wọ́n ti gé ṣùgbọ́n tí wọn ò tíì rán fún wọn, ó ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó ba nǹkan jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù. Àwọn tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé kò ṣàwàdà mọ́, pé bí inú bá bí i, á gbé ọwọ́ sẹ́nu, á dúró, kó tó fèsì. Ọmọbìnrin Bíríkìlà fọ́ abọ́ ẹyin kan pátápátá níwájú rẹ̀, ọmọ náà sì ti fẹ́ sá. Aládìyẹ ní, "Dúró, ṣé ó gé ọ lọ́wọ́? Fi hàn mí. Mi ò ní ṣe nǹkan kan fún ọ."

Ọ̀gbẹlẹ̀ mìíràn ti fẹ́ wọlé kí ọmọ Aránṣọ tó padà wá. Kò sọ pé òun ń bọ̀. Aládìyẹ kàn rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì kan náà.

"Mo wá wo ẹ̀rọ màmá mi," ló sọ.

"Wọlé, ọmọ mi. Mo máa ń fi epo sí i, kó má baà dógùn-ún."

Wọ́n dúró ní yàrá ìránṣọ. Ọmọ náà fi ọwọ́ pa ara ẹ̀rọ, ó ṣí dúrọ́ọ̀ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti í padà.

"Mo bínú sí yín gan-an, Àǹtí. Mi ò tíì bínú tán."

"Mo mọ̀."

"Mo bínú sí màmá mi náà. Ṣebí wọ́n ní fóònù. Ojoojúmọ́ là ń sọ̀rọ̀. Èmi ò ra májèlé, kí ló dé tí wọn ò sọ fún èmi?"

Aládìyẹ fa àga kan wá fún un, òun alára jókòó sórí àpótí. Bí wọ́n ṣe jókòó ni nǹkan kan mi nínú àgbàdo gbígbẹ. Ológbò kan jáde dé etí oko, aláwọ̀ mẹ́ta, ó ti rù, àmọ́ ìrìn rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó jókòó, ó ń lá ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ọ̀kan nínú wọn nìyẹn?"

"Òun ló kọ́kọ́ wá. Àkísà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tún yọjú, mo fi tó dókítà ẹranko létí. Ó wá ṣọ́ ọ lókèèrè. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́, ká ní ó ti kó àrùn náà ni, ì bá ti kú. Ó fún mi ní oògùn àjẹsára tí wọ́n ń fi sínú ẹja, Àkísà sì jẹ ẹ́."

"Ẹ ò ní pè é?"

"Rárá. Mo máa ń gbé oúnjẹ sí etí oko lọ́hùn-ún, màá padà wọlé. Ibi tó wà yẹn dáa fún un, ó dáa fún èmi náà."

Ọmọ náà gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé. Ológbò náà wò wọ́n, ó dìde, ó padà sínú àgbàdo.

"Ṣé o ti jẹun?" Aládìyẹ bi í.

"Rárá, Àǹtí."

Aládìyẹ dìde, ó lọ gbé omi kaná.